Toyota: Láti Orí Òfì dé Ojú Títì GRA Ìlọrin

Toyota ni orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ilẹ̀ Jàpáànù tí ó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1937, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn débi pé ìlú Koromo, níbi tí ó fi ṣe ibùjókòó, pa orúkọ àtijọ́ rẹ̀ tì ní 1959, tí ó sì gba ti ilé iṣẹ́ náà wọ̀ bí ẹni gba agbádá tuntun. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí lè fẹ́ yọ ṣùtì sí i, nítorí ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí ó tẹ ìlú dó ní í sọ ìlú lórúkọ, kì í ṣe oníṣòwò. Ṣùgbọ́n kí ará Ìlọrin má bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ìlú tirẹ̀ náà, bí àwọn àgbà ti wí, orí òkúta tí ọdẹ ti ń lọ irin ni ó ti rí orúkọ mú.

Bí ènìyàn bá dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lábẹ́ igi dóńgóyárò ní ẹ̀bá ọ̀nà Ahmadu Bello ní GRA Ìlọrin, kò ní í ka ọkọ̀ púpọ̀ kí ó tó mọ ẹni tí ó ni ojú títì: Hilux ni ó ń la ọ̀nà fún ọ̀gá ìjọba, Prado ni ó gbé ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, Corolla ni ti olùkọ́ yunifásítì, Sienna ni ìyá àwọn ọmọ fi ń kó tiẹ̀ àti ti aládùúgbò lọ sí ilé ìwé, Camry ògbólógbòó tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń rọra rìn, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ìlọrin Àfọ̀njá kì í ṣe ìlú tí a lè fi ohun ìgùn tàn jẹ. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣì ń fi ìmúra àrà ọ̀tọ̀ yẹ́ Ẹ́míà sí ní àkókò Iléyá. Ẹni tí ó bá sì mọ ẹṣin mọ ohun tí a ń wò lára ohun ìgùn: kí ó rin ọ̀nà jíjìn, kí ó má jẹun ju agbára olówó rẹ̀ lọ, kí ó má sì dùbúlẹ̀ sínú igbó nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Nítorí ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni Toyota ṣe gba orúkọ tí ó gbà.

A kò lè sọ ìtàn rẹ̀ láìkọ́kọ́ jókòó sídìí òfì. Sakichi Toyoda, tí a bí ní 1867 ní abúlé kan ní agbègbè tí a ń pè ní Kosai lónìí, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ìyá rẹ̀ a sì máa hun aṣọ. Ọmọ náà wo wàhálà tí ìyá rẹ̀ ń ṣe lórí òfì, ó sì gbé ọgbọ́n igi tí ó wà ní ìdílé bàbá rẹ̀ ti iṣẹ́ òwú tí ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1891 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí òfì onígi tí ó ṣe. Ó ń tún un ṣe, ó ń tún un ṣe, títí ó fi di 1924 tí òun àti Kiichiro ọmọ rẹ̀ gbé òfì onírin kan jáde tí ó ń pààrọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìdá iṣẹ́ dúró. Kí òǹkàwé tí kò dàgbà láàrin ahunṣọ má ṣì mí gbọ́: ọkọ̀ tí mo wí yìí kì í ṣe èyí tí ó ní táyà. Igi gbígbẹ́ tí ó gbé òwú sínú, tí ahunṣọ ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, Yorùbá ti ń pè é ní ọkọ̀ kí òyìnbó tó gbé ti onítáyà dé, àwọn tí ń hun ẹtù àti àlàárì ní Ìlọrin sì ń jù ú títí di òní olónìí. Ní èdè tiwa, nígbà náà, ìdílé Toyoda kò fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sínú òmíràn rárá; inú ọkọ̀ ni wọ́n ti bọ́ sínú ọkọ̀.

Ohun tí ó gbé òfì yìí ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé bí ẹyọ òwú kan ṣoṣo bá já, òfì a dúró lójú ẹsẹ̀. Kò ní í jẹ́ kí aṣọ tí àléébù ti wọ̀ máa gùn sí i. Ahunṣọ wa a máa fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí: òwú já, ó dúró, ó so ó, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n yìí gan-an ni Sakichi fi kọ́ irin, tí ẹnìkan ṣoṣo fi lè máa tọ́jú ọ̀pọ̀ òfì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà àgbáyé nínú ṣíṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ, bá ìdílé náà ṣe àdéhùn 100,000 pọ́n-ùn kí wọ́n lè ní ẹ̀tọ́ láti ṣe irú òfì bẹ́ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀. Sakichi kú ní ọdún kejì rẹ̀.

Kiichiro, tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ní Tokyo, ti rí bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kún ìgboro Amẹ́ríkà. Ní 1933 ó ya apá kan ilé iṣẹ́ òfì náà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀. Akẹ́rù tí wọ́n pè ní G1 jáde ní 1935, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ AA sì tẹ̀lé e ní 1936. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjọ́ tí a bí ọmọ yìí ni ó ti ń sáré: àwọn akẹ́rù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn a máa dákú sójú ọ̀nà lemọ́lemọ́, a ó sì máa rán ènìyàn lọ jí wọn. Orúkọ náà pàápàá kò dúró bí a ti bí i. Toyoda ni orúkọ ìdílé, ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ìkọ̀wé Jàpáànù kọ Toyota, ìlà mẹ́jọ ni yóò jẹ́, nọ́ḿbà mẹ́jọ sì jẹ́ nọ́ḿbà oríire lọ́dọ̀ wọn. A kì í dédé sọ ọmọ lórúkọ. Ilé là á wò.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ìyà jẹ wọ́n. Ní 1950 gbèsè dé wọn lọ́rùn, wọ́n dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, àwọn yòókù daṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní 1952. Ogun Korea tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1950 yẹn kan náà, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń wá akẹ́rù rà, ni ó fa ilé iṣẹ́ náà yọ nínú ọ̀gbun. Láàrin ìpọ́njú yìí ni Taiichi Ohno, ẹni tí ó ti ilé ìhunṣọ ìdílé náà wá sí ìdí ọkọ̀ ní 1943, bẹ̀rẹ̀ sí tún ètò iṣẹ́ tò, tí ó ní kí a má ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ kankan àfi ìgbà tí àwọn tí ń to ọkọ̀ bá béèrè rẹ̀. Ilé ìtajà ńláńlá ti Amẹ́ríkà ni ó ní òun ti rí ọgbọ́n náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣòro fún ẹni tí ó ti ra àkàrà rí: alákàrà tí ó gbọ́n kì í dín gbogbo ẹ̀wà tí ó lọ̀ kí oníbàárà tó dé, bí wọ́n ti ń béèrè ni ó ń dà á sínú epo, gbogbo ènìyàn ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná, kò sì sí èyí tí yóò gbé padà relé. Ó sì tún so okùn mọ́ ìdí iṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní ẹ̀tọ́ láti fà bí ó bá rí àléébù, kí gbogbo iṣẹ́ lè dúró títí a ó fi mọ ibi tí òwú ti já. Ìyókù ìtàn náà kò gba ariwo: Land Cruiser bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ọkọ̀ Crown tí wọ́n kó lọ Amẹ́ríkà ní 1957 kò lè gbé ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, ìtìjú ni wọ́n fi kó o padà, Corolla jáde ní 1966, Hiace ní 1967, Hilux ní 1968, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni wọ́n sì wá la ayé já.

Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tuntun ń kó wọ inú ilé GRA, ọkọ̀ àwọn ará Yúróòpù ni ayé mọ̀: Morris, Opel, Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ti ìjàpá, àti Peugeot, ọba wọn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí to 504 pọ̀ ní Kaduna ní 1975, tí ọ̀gá ìjọba tí kò bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò tíì di ọ̀gá. Ohun tí ó bá ti Jàpáànù wá, ojú páànù ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n ní irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni yóò kú sí. Inú ìgbà yìí ni ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín kan, Michael Ade-Ojo, tí a bí ní 1938, tí ó jáde ní yunifásítì Nsukka ní 1965, tí ó sì ti kọ́ bí a ti ń ta ọkọ̀ lọ́dọ̀ CFAO, ilé òwò àwọn Faransé, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1971, tí ó so orúkọ ìyàwó rẹ̀ Elizabeth pọ̀ mọ́ tirẹ̀, tí ó pè é ní Elizade. Toyota ni ó gbé sórí bí ọmọ tí ayé kọ̀. Ó tà á títí, ó sì di pé ní àárín àwọn ọdún 1990 ni Toyota (Nigeria) Limited dúró lábẹ́ rẹ̀. Ọrọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá náà ni ó fi dá Yunifásítì Elizade sílẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín ní 2012. Ní ọdún 2012 yìí kan náà ni Toyota Tsusho, ẹ̀ka òwò àwọn ilé iṣẹ́ Toyota, ra CFAO, ilé tí Ade-Ojo ti jẹ́ ọmọṣẹ́ nígbà kan rí.

Síbẹ̀, lójú tèmi, kì í ṣe olùtà ni ó ṣe orúkọ Toyota láàrin wa. Tòkunbọ̀ ni ó ṣe é. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ láti 1986, tí ọkọ̀ tuntun bọ́ kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé, àlòkù òkèèrè ni ojú gbogbo ènìyàn yí sí, àlòkù ni ó sì mọ òtítọ́ ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ tuntun, ibi gbogbo ni ó ti ń rìn. Èyí tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá sin ẹlòmíràn, tí ó wá bọ́ sínú kòtò ojú ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà, òun ni a ń dán wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló kú nínú ìdánwò náà. Camry àti Corolla là á já, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì mọ ìdí wọn bí ó ti mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀yà wọn sì wà ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, tuntun tàbí àlòkù tí a ń pè ní Belgium, èyí tí owó ẹni bá ká. Orúkọ Tòkunbọ̀ náà bá a mu ju bí a ti rò lọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní ọkọ̀ Jàpáànù yìí, òkèèrè ni a ti bí wọn: Georgetown ní Kentucky ni a ti ń ṣe Camry láti 1988, Burnaston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Carina E ní 1992. Ohun tí Yorùbá bá sì fẹ́ràn, yóò kì í: Camry ìgbà kan di Pencil Light, èyí tí ó tẹ̀lé e di Big Daddy, èyí tí ó tún tẹ̀lé e di Muscle, Hiace tí ó gùn, tí orí rẹ̀ ga, sì di Hummer ní gbogbo gáréèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá Hummer tan rárá.

Ìyìn kò ní kí a pa àléébù mọ́. Láàrin 2009 àti 2010, a gba àròyé ní Amẹ́ríkà pé àwọn ọkọ̀ kan ń sáré nígbà tí awakọ̀ kò tẹ̀ wọ́n. Ọkọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ni a pè padà fún àtúnṣe, Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro, sì ní láti lọ jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2010, níbi tí ó ti jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti yára dàgbà ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 2014 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.2 dọ́là nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ní òpin 2023 àṣírí tún tú pé Daihatsu, ọmọ abẹ́ Toyota, ti ń fi ẹ̀tàn ṣe ìdánwò ààbò ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òwú já, òfì kò dúró.

Ti ọ̀dọ̀ tiwa yàtọ̀. Àwa kì í sábà dá Toyota lẹ́bi, ẹni tí ó tà á fún wa ni a ń bá wí: ẹni tí ó yí nọ́ḿbà ibi tí ọkọ̀ rìn dé padà, ẹni tí ó nu omíyalé kúrò lára ọkọ̀ tí ó sì fọ́n lọ́fíńdà sínú rẹ̀, ẹni tí ó ń ta ẹ̀yà ayédèrú nínú páálí olórúkọ. Ìfẹ́ tí a ní sí ọkọ̀ náà ni ó gbé olè náà wá sí ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí ó bá rọrùn láti tà ni olè ń jí. Àwọn tí ń gba Kútọnu kó o wọlé pẹ̀lú rí ìjà tiwọn nígbà tí ìjọba fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017. Àwọn mìíràn ní Áfíríkà kì í sì kàn rà á, wọ́n ń tò ó: ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà, ó ti pẹ́ tí a ti ń to Toyota. Ní 2021, Ghana náà bẹ̀rẹ̀ sí to Hilux ní Tema, mo sì jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀.

Ìdílé Toyoda kò gbàgbé ibi tí ó ti ń bọ̀. Ní Nagoya, lórí ilẹ̀ tí ilé ìhunṣọ Sakichi wà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní 1994, níbi tí òfì ọdún 1924 àti àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti wà pọ̀ nínú ọgbà kan náà. Toyota Industries, ilé iṣẹ́ tí Sakichi dá sílẹ̀, sì ń ṣe òfì títí di òní. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni òfì tí ó ń tà báyìí: afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́ òwú kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kò sì ní ọkọ̀ nínú mọ́.