Òǹkàwé Nínú Ẹ̀kọ́ Ìtàn: Àpẹẹrẹ Freinet
Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá iṣẹ́ Célestin Freinet, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, mu. Ọta ìbọn bà á ní ẹ̀dọ̀fóró nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Kò lè sọ̀rọ̀ pẹ́ nínú kíláàsì nígbà tí ó dé ilé-ìwé Bar-sur-Loup ní 1920. Ní nǹkan bí ọdún 1924, ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan. Àwọn ọmọ fúnra wọn ń tẹ àkọsílẹ̀ nípa ìgbésí ayé abúlé wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Trégunc, ní etí òkun. Àwọn wọ̀nyí ń kà á, wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ń fèsì. Èrò wa ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó la àwọn ọmọ náà lọ́yẹ, bí kò ṣe òǹkàwé tí ó ń retí èsì. Àròkọ tí olùkọ́ nìkan ń kà, máàkì nìkan ni ọmọ ń wá nínú rẹ̀.