Lílo rédíò onísọ́fítíwíà láti wá ìgbì dróònù

Rédíò onísọ́fítíwíà, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SDR, jẹ́ ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì rédíò, tí ó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà kí kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ tó kù. Bí sọ́fítíwíà bá fi ìṣirò Fourier pín nọ́ńbà wọ̀nyí sí fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, àwòrán tó jáde yóò fi hàn ibi tí ìgbì ti lágbára.

Ọ̀pọ̀ dróònù ọjà ń lo 2.4 GHz àti 5.8 GHz. RTL-SDR, tí ó wá láti ara ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, kì í sábà kọjá nǹkan bí 1.7 GHz, àwọn dróònù tí ń lo ìgbì tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn, bíi 433 MHz tàbí 915 MHz, nìkan ni ó lè rí. HackRF One dé 6 GHz, ṣùgbọ́n 20 MHz péré ni ó ń wò lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ààyè ìgbì 2.4 GHz fẹ̀ tó nǹkan bí 80 MHz. Ìgbì tí ń fò láti fíríkúẹ́ńsì kan sí òmíràn lè ti lọ kí ẹ̀rọ náà tó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìṣòro tó tún ju èyí lọ ni pé Wi-Fi àti Bluetooth wà nínú ààyè kan náà. Ìgbì fídíò ọ̀pọ̀ dróònù òde òní jọ ti Wi-Fi lójú àwòrán, pàápàá láàárín ìlú. Nítorí náà ni a ṣe ń ya àwòrán ibẹ̀ sílẹ̀ kí dróònù tó gbéra, tí a ó sì fi í wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn dróònù tí a ń fi okùn fíbà darí nínú ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine kò tilẹ̀ nílò ìgbì rédíò fún ìdarí tàbí fídíò.