Ilé Vaux-le-Vicomte àti Ìṣubú Nicolas Fouquet ní Ilẹ̀ Faransé

Vaux-le-Vicomte jẹ́ ilé ńlá kan ní ìgbèríko Maincy, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 50 sí ìlú Paris. Nicolas Fouquet, alábòójútó ìṣúná ọba láti ọdún 1653, ni ó kọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ẹwà ilé yìí ni ó mú kí Ọba Louis Kẹrìnlá jowú, tí ó fi sọ Fouquet sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí a bá to ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí tẹ̀léra, èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó.

Lóòótọ́, ilé náà kàmàmà. Louis Le Vau ni ó ya àwòrán ilé, Charles Le Brun ṣe ọnà inú rẹ̀, André Le Nôtre sì tẹ́ ọgbà rẹ̀. Le Nôtre fi ọgbọ́n tan ojú jẹ: ẹni tí ó dúró nídìí ilé kò ní rí odò tí wọ́n gbẹ́ dábùú ọgbà náà, àfi bí ó bá rìn dé ìtòsí rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 1661, Fouquet se àsè fún ọba níbẹ̀. Molière sì ṣe eré tuntun. Lẹ́yìn ọjọ́ 19, wọ́n mú Fouquet ní ìlú Nantes.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú àsè. Nígbà tí Mazarin kú ní oṣù Kẹta ọdún náà, ọba pinnu láti máa fúnra rẹ̀ ṣàkóso. Colbert ti ń fẹ̀sùn kan Fouquet, ọba sì ti pinnu láti mú un ní oṣù Karùn-ún. Kí àsè tó wáyé, wọ́n ti rọ Fouquet láti ta ipò tí ó dì mú ní ilé ẹjọ́ gíga Paris, ipò tí ì bá dáàbò bò ó.

Ní ọdún 1664, àwọn adájọ́ ní kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ọba sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ̀wọ̀n náà ni ó kú sí ní ọdún 1680. Àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí iṣẹ́ ọba ní Versailles. Alfred Sommier ra Vaux ní ọdún 1875, ó sì tún un ṣe. Láti ọdún 1968 ni ará ìlú ti ń wọ̀ ọ́ wò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Agbára ni ìjà dá lé lórí; ilé ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí.