Ta Ló Dípò Ẹni Tó Fẹ́ Sinmi? Àwọn Obìnrin Míṣọ́n láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tá a sọ lórí ètò wa lẹ fẹ́ kà yìí. A kàn tún un tò díẹ̀ ni, kó má bàa máa rí jákujàku lójú ìwé.

Tá a bá ń sọ ìtàn míṣọ́n nílẹ̀ Yorùbá, ilé ìwé, ọsibítù àti Bíbélì la sábà máa ń sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká béèrè nǹkan kékeré kan lónìí. Àwọn obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn, nígbà tó rẹ̀ wọ́n, kí ni wọ́n ṣe? Ta ló gba ọmọ lọ́wọ́ wọn? Ta ló dáná? Ta ló ní, "Ìyá, ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, màá bá yín ṣe é"? Ìsinmi kì í ṣàdédé wá. Kí ẹnì kan tó lè sinmi, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dìde dúró sí ipò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ojú yìí wo ìtàn náà, ẹ ó rí àwọn èèyàn tí ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wa la mọ orúkọ Bowen. Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850. Òun ni aṣáájú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi nílẹ̀ wa. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní 1858. Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó lónìí, ọsibítù ìkọ́ni rẹ̀ sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ ọkọ nìyẹn. Ìyàwó ń kọ́?

Lurana ni ìyàwó ń jẹ́. Lurana Davis. Ọdún 1853 ni wọ́n ṣègbéyàwó, ọdún yẹn náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Tọkọtaya méjì míì bá wọn wá, Lacy àti Dennard. Àwọn Lacy kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sílé nítorí àìsàn. Àwọn Dennard kò padà rárá. Tọkọtìyàwó ló kú kí ọdún 1854 tó parí. Lurana àti ọkọ rẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ sí Ìjàyè, ibẹ̀ ló ti bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Mary Yoruba. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tó kú, ilẹ̀ Ìjàyè náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ìyá tó ṣòfò ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan. Àwọn obìnrin á wá jókòó tì í, ẹnì kan á pọnmi, ẹnì kan á ro ẹ̀kọ, ẹnì kan á kàn máa wò ó lójú kó má bàa ronú jù. Ìyá tó bí Lurana wà ní Georgia, òkun sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ kò dúró. Ní 1855 wọ́n gbéra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Nígbà tó fi máa di 1856, ara ọkọ rẹ̀ kò gbé e mọ́, wọ́n sì padà sí Amẹ́ríkà. Ara náà kò bọ̀ sípò. Ní 1875, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Milledgeville, Georgia, ni Bowen kú sí. Nígbà tí mo bá kọjá lẹ́nu géètì ọsibítù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí ni mo máa ń rántí, kì í ṣe ìwé gírámà.

Ní Ìbàdàn, láàárín àkókò kan náà, obìnrin míì wà ní Kúdẹtì. Anna Hinderer, ọmọ Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń bá CMS ṣiṣẹ́, ní 1852. Ní 1853 wọ́n dé Ìbàdàn. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́: ọmọ ìjòyè, ọmọ ẹrú, ọmọ tí wọ́n kàn gbé wá pé kí òyìnbó bá wọn tọ́. "Ìyá" ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí Ọ̀yọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Adélù ọmọ rẹ̀ gorí oyè, Kúrunmí ti Ìjàyè sì fárígá, ó ní àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ. Ìbàdàn dúró lẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ìlú tí wọ́n sin Mary Yoruba sí pa rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fífọ́ Ìjàyè kò la ọ̀nà. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà tiwọn mọ́ Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú náà ti tiwọn. Lẹ́tà, owó, oògùn, aṣọ, kò sí èyí tó ń dé Kúdẹtì bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ìgbà míì, ebi ni wọ́n máa ń sùn sí.

Irú ipò yẹn ni Anna wà títí di 1865. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún yẹn ni Captain Maxwell dé láti Èkó. Glover tó ń ṣèjọba Èkó ló rán an pé kó gba inú igbó wá gbé wọn. Kò sí àkókò láti di ẹrù. Ọkọ dúró sẹ́yìn nítorí iṣẹ́ tí kò ṣeé já jù sílẹ̀ lójijì, wọ́n gbé Anna lọ sí Èkó, ó sì wọkọ̀ lọ sílé láti lọ tọ́jú ara. Ó tún padà wá. Ní 1869 ló tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, ó sì kú ní oṣù kẹfà 1870, ẹni ọdún 43. Wọ́n kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé ní 1872, Seventeen Years in the Yoruba Country.

Báyìí, ta ló gba ipò rẹ̀? Daniel Olùbí àti Susanna ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ilé àwọn Hinderer ni Olùbí, ibẹ̀ ló ti dàgbà sínú iṣẹ́, òun ló sì di olórí iṣẹ́ CMS ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n lọ. Òyìnbó tó bá rẹ̀ yóò lọ lífù, torí ó ní "ilé" tí wọ́n lè rán an lọ. Olùbí kò ní irú lífù bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí míṣọ́n rò ni pé ilé ló kúkú wà. Ẹ wò ó dáadáa: pé obìnrin kan jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí kò gbọdọ̀ rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n wá gbé Anna yẹn gan-an, 1865, ni Henry Johnson kú ní Ìbàdàn. Sàró ni, tòun tìyàwó tọmọ ló bá àwọn Hinderer wá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1858. Ìlú òkèèrè ni Ìbàdàn jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ náà, Hastings ní Sierra Leone ló ti bá ọkọ rẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ni Samuel Johnson, ẹni tó dàgbà ní Kúdẹtì, tó wá di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tó sì parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá níbẹ̀ ní 1897. Gbogbo wa là ń ka ìwé ọmọ. Ìyá ọmọ náà, opó ní ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ ti dí, ó yẹ ká máa rò ó mọ́ ọn.

Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn olùkọ́ àti ajíhìnrere nígbà tí St. Andrew's College bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1896. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1898, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀ lónìí, ẹ mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ín. Ọkùnrin ló gba ìwé ẹ̀rí. Ìyàwó ló di ẹrù tẹ̀ lé e dé abúlé tí wọ́n bá gbé e sí, òun ni ń gbàlejò míṣọ́n, òun ni ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní rírán aṣọ, òun náà ló ń roko ìdílé.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín kọjá òkun díẹ̀, torí orí ọ̀rọ̀ lífù yìí gan-an ni owó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá. Obìnrin kan wà ní Ṣáínà, Lottie Moon lorúkọ rẹ̀, ọmọ Virginia. 1873 ló dé ibẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ló ti lọ sílé, ní 1876, torí àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Látìgbà tó padà dé ní 1877, kò sinmi mọ́. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìyá ìjọ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n rán obìnrin míì wá, kí wọ́n sì máa dá owó lásìkò Kérésìmesì. Ní 1888 àwọn ìyá náà dá Woman's Missionary Union sílẹ̀, wọ́n sì dá owó Kérésì àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń dá a fún ṣe kedere: kí wọ́n lè rán ẹni tó máa dúró fún Lottie, kó lè wálé wá sinmi. Dọ́là 2,000 ni wọ́n ń wá. Dọ́là 3,315 àti sẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n rí. Ó tó láti rán obìnrin mẹ́ta.

Mo fẹ́ràn ibi tí ìtàn náà ti rí báyìí, torí àwọn ìyá wọ̀nyẹn lóye pé lẹ́tà "ẹ kú iṣẹ́" kò lè mú kí ẹnikẹ́ni sùn. Ènìyàn ni wọ́n fi rọ́pò ènìyàn. Lottie pàpà kò kúrò títí di 1891, ìyẹn ọdún 14. Ó tún padà sí Ṣáínà. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀, ara rẹ̀ joro, ó kú sínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Kobe, ní Japan, ní 24 Oṣù Kejìlá 1912, nígbà tó ń lọ sílé. Ní 1918 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe owó Kérésì náà, ó sì di owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ púpọ̀, Nàìjíríà wà lára wọn. Lọ́dún kejì, 1919, àwọn ìyá Onítẹ̀bọmi lọ́dọ̀ tiwa náà dá Ẹgbẹ́ WMU tiwọn sílẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Dókítà George Green àti Lydia ìyàwó rẹ̀ ti dé láti 1907, iṣẹ́ ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ruth Kersey dé lẹ́yìn wọn, Virginia lòun náà ti wá. Àwọn ìyá ń kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ tuntun ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa fún un lọ́mú. Kersey bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àwọn ọmọ aláìníyàá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé ọmọ jòjòló kan tó láti má jẹ́ kéèyàn fojú ba oorun. Kí ilé tó kún fún ọmọ tó lè dúró, àfi káwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ jí lóru, kí wọ́n po wàrà, kí wọ́n pọn ọmọ tí kì í ṣe tiwọn. Lífù Kersey ń bẹ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tó yá, àwọn míṣọ́n kọ́ ibi ìsinmi. Èyí tí SIM kọ́ sí Miango, nítòsí Jos níbi tí atẹ́gùn ti tutù, gbajúmọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, kúùkù ló ń jí kí àlejò tó jí.

Nǹkan ti yí padà báyìí. Láti 1975 tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti dá CAPRO sílẹ̀ ní Zaria, ọmọ Nàìjíríà ló ń rán ọmọ Nàìjíríà lọ. Obìnrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní abúlé òkè ọya tí nẹ́tíwọọ̀kì kò dé. Lọ́dún tó kọjá, mo yọ̀ǹda ara mi fún ọjọ́ mẹ́rin níbi rìtíríìtì kan tí wọ́n ṣe fún irú wọn. Ohùn ni mo lọ gbà sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé maikirofóònù sílẹ̀ kí n wá bó iṣu. Iṣu náà pọ̀ o!

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ìyá kan jí laago márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ọgbà. Àǹtí tó ń darí wa rọra gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, tiwa nìyí." Ó jókòó, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní iye ọkàn tí wọ́n jèrè tàbí ìròyìn oṣù. Wọ́n kàn jẹun, wọ́n sùn, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀. Mo bi ìyá yẹn pé ta ló wà nípò yín báyìí. Ó ní ìjọ kan ti rán obìnrin méjì lọ sí abúlé náà kóun tó kúrò, ọ̀kan fún kíláàsì àwọn ọmọdé, ọ̀kan fún ilé òun. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tóun ti wà níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa wá.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wọn, iṣẹ́ wà fún yín. Tí ìyá yín àgbà, àǹtí yín tàbí aládùúgbò yín bá ti ṣiṣẹ́ rí nílé míṣọ́n, yálà ó se oúnjẹ, ó fọṣọ, ó tọ́mọ tàbí ó ṣe aáyan àlejò, ẹ fi fóònù yín gba ohùn rẹ̀. Ẹ bi í ní orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ bi í pé ta ló ń dípò òun nígbà tó bá rẹ òun. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa tó bá gbà bẹ́ẹ̀, a óò lò ó nínú ètò tó ń bọ̀.