Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo obì kan. Kì í ṣe obì àbàtà, èyí tí a máa ń lò níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Gbànja ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ó ní awẹ́ méjì, tí àwọn Hausa fẹ́ràn púpọ̀. Ta ni nínú yín ti bi ara rẹ̀ léèrè rí ibi tí orúkọ náà ti wá? Gónjà ni orúkọ ilẹ̀ kan ní apá àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí. Láti ọ̀nà ibẹ̀ ni obì náà ti ń wá kí àwọn àgbẹ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní àyíká Agége àti Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 1900. Oníṣòwò ló ru obì wá, orúkọ ìlú sì bá a wá.

Lóde òní, a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ pé gbogbo ayé ti di ọjà kan. Wọ́n ní ìrẹsì ń ti Tàìláǹdì wá, fóònù ń ti Ṣáínà wá, àwọn nọ́ọ̀sì wa sì ń lọ tọ́jú aláìsàn ní Ìlú Ọba. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àná. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ń ná, láti erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé etí òkun wa, orí àti ẹ̀yìn ènìyàn ló sì gbé e wọ àárín ìlú. Ìyá arúgbó tí ń ka owó ẹyọ ní ọjà Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ ń fọwọ́ kan òkun tí kò ní rí títí ayé rẹ̀.

Ààlà náà kì í ṣe ohun tuntun. Ìlú wa àtijọ́ ní bodè, oníbodè sì ń jókòó síbẹ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ru ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá sí ogun, ẹrù tí ènìyàn rù ni oníbodè ń wò, kì í bi í ní ìwé ìgbélùú. Ààlà irú èyí tí a mọ̀ lónìí, àwọn òyìnbó ló fà á. Ní ọdún 1884 sí 1885 ni àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ìpàdé ní Berlin lórí bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ẹnu kò sí ìlà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun lọ sókè. Ìlà náà fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, ó sì fi Mẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ìlú lábẹ́ Alákétu, sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ lánàá wá di ẹni tí ń kọjá sí ilẹ̀ àjèjì lónìí.

Bí àwọn òyìnbó ṣe pín àwọn kan níyà ni wọ́n so àwọn mìíràn pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe ìjọba Nàìjíríà, òun náà ló ń ṣe ti Gold Coast, tí ó di Gánà lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń ṣe owó kan náà fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gambia. Ojú irin ti dé Kùmásì láti ọdún 1903. Èyí ló mú kí àwọn ènìyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin máa rọ́ lọ sí ibẹ̀. Àwọn ẹni àkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn, ẹrù wà lórí wọn. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó wà ní Gánà ti tó bíi 100,000, òwò ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ń ṣe.

Ìyá bàbá mi wà lára wọn. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Tàmálè. Báwo ni àjèjì ṣe ń tajà títí tí yóò fi kọ́lé? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tòní wà. Oníṣòwò wa á gba ọjà ní Kùmásì, á gbé e lọ sí ìgbèríko tí ilé ìtajà ńlá kò dé, á sì tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí yóò san owó nígbà ìkórè. Ẹ mọ àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Irú òwò bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí báǹkì níbẹ̀, kò sí lọ́yà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní ìwé kan tí àkọ́bí rẹ̀ ń bá a kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó sí. Ìwé náà nípọn.

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1957. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe owó tirẹ̀, Nàìjíríà náà sì ṣe tirẹ̀ ní 1959. Kò sí ẹni tí ó lè dá orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira lẹ́bi pé ó fẹ́ owó àti òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ẹni tí ó wá sí ilẹ̀ náà nígbà tí a kò béèrè ìwé kankan wá di àlejò láìṣí kúrò lójú kan. Ọmọ tí ó bí síbẹ̀ náà di àlejò.

Láàárín ọdún 1964 sí 1965, owó kòkó wálẹ̀ púpọ̀ ní ọjà àgbáyé. Kòkó sì ni Gánà fi ń jẹun. Gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, iṣẹ́ di ohun àwátì. Nígbà tí iyán bá mú, ojú àlejò ni onílé máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn àjèjì ló gba ọjà lọ́wọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àṣẹ náà kan Yorùbá àti Hausa, ó kan ará Tógò, Niger àti Upper Volta, èyí tí ó di Burkina Faso.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ rò ó wò. Ta ni yóò ra ilé lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń sá lọ? Àgbẹ̀ tí ó ra aṣọ láwìn kò tí ì san owó. Òṣómàáló ilé lè lóṣòó títí di ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé kò ní àyè àtilóṣòó. Ìyá bàbá mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, ẹní méjì, ìkòkò díẹ̀ àti ìwé náà.

Ǹjẹ́ àṣẹ náà mú iṣẹ́ padà fún àwọn ọmọ Gánà? Àwọn kan gba ìsọ̀ tí ó ṣófo, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lé kì í ṣe oníṣòwò nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni alágbàṣe oko kòkó, àwọn olóko sì wá ènìyàn tì. Àwọn tí ń gbé ọjà lọ sí ìgbèríko láwìn lọ, ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n fi ogójì ọdún kọ́ sì bá wọn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Kí ọdún 1980 tó dé, àwọn ọmọ Gánà fúnra wọn ti ń kó ẹrù wọn, wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Níbo ni wọ́n ń lọ? Nàìjíríà ni.

Nígbà náà owó epo kún ọwọ́ wa. À ń kọ́ ọ̀nà, à ń kọ́ ilé-ìwé, a sì ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn ará Gánà wá, wọ́n jẹ́ olùkọ́, bíríkìlà, aránṣọ àti aṣọ́nà. Nígbà tí owó epo wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1981, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ó kàn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1983, ìjọba wa náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gánà ti ti bodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn há sójú ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ni a ń pè ní Ghana-must-go títí di òní. A fi ìpọ́njú ẹlòmíràn sọ báàgì lórúkọ, a sì ń gbé e lọ sọ́jà láìronú.

Bíríkìlà ará Gánà kan ló ń bá bàbá mi kọ́lé lọ́wọ́ nígbà náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ògiri ti dé ìwọ̀n fèrèsé. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí ọkùnrin náà wá dágbére, ìyá bàbá mi ló se oúnjẹ tí ó gbé lọ. Kò sọ pé, "Wọ́n ṣe é fún wa rí." Ohun tí ó wí ni pé, "Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí omi tán nínú kèrègbè rẹ. Ọ̀nà náà jìn." Ògiri náà sì dúró ní ìwọ̀n fèrèsé fún ọdún mẹ́ta.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òfin ni a kò ní. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 pàdé ní Èkó, wọ́n dá àjọ ECOWAS sílẹ̀. Ní 1979 wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90. Ìjọba wa ní 1983 sọ pé àwọn tí òun lé ti kọjá ọjọ́ wọn. Nítorí náà òfin wà, ṣùgbọ́n òfin tí a kọ nígbà ọ̀pọ̀ kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n bí a kò bá fi ọkàn gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní 2013, Gánà ṣe òfin pé àjèjì tí yóò ṣòwò ọjà títà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kí ó sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ kí fàyàwọ́ ìrẹsì lè dáwọ́ dúró. Inú àgbẹ̀ onírẹsì wa dùn, nítorí ọjà rẹ̀ tà. Ẹni tí ń ra ìrẹsì kérora, nítorí owó rẹ̀ gbéra. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí tòmátì rẹ̀ jẹrà lẹ́nu bodè sì sunkún. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bodè náà padà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2021, bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ìṣòwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tuntun pé kí gbogbo Áfíríkà di ọjà kan. Ilé iṣẹ́ àdéhùn náà sì wà ní Akra, ní ilẹ̀ Gánà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Bí a ti ń so ló ń tú.

Kí ni kí a wá fà yọ nínú ìtàn yìí? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọjà tí kò ní ààlà dára fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọjà òkèèrè kì í ṣe òpùrọ́, ó yẹ kí ìjọba gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà pẹ̀lú pé bí a bá lé àlejò, iṣẹ́ yóò padà wálé. Owó kòkó ló wálẹ̀ ní Gánà, owó epo ló wálẹ̀ níhìn-ín. Kò sí àlejò kan tó ní agbára lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń lọ sí Ìlú Ọba àti Kánádà. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n rójú rere níbẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ìyá bàbá mi máa ń ní kí n ka ìwé ọjọ́sí náà fún òun. N ó ka orúkọ kan, òun yóò sì sọ pé, "Ìyẹn ì bá san. Olóòótọ́ ni." N ó ka òmíràn, yóò tún wí bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá àgbà, ẹ ò bínú sí wọn ni?" Ó ní, "Wọn ò lé mi. Wọ́n kàn jẹ mí lówó ni."

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó ti lọ sí Gánà rí nínú ẹbí yín, àti ohun tí ó mú bọ̀. Ó dàárọ̀ o.