Orúkọ Kẹta: Odídẹrẹ́ àti Ìtàn Àkójọ Ẹ̀yà Ẹyẹ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

1. Ìfáárà

Nínú ìwúre Yorùbá, àwọ̀ ni a fi ń dá ẹyẹ mọ̀: agbe pẹ̀lú aró, àlùkò pẹ̀lú osùn, lékeléke pẹ̀lú ẹfun. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ náà ń wo àwọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ibùgbé kún un. Bí irú ẹyẹ kan bá yàtọ̀ díẹ̀ láti agbègbè kan sí èkejì, tí àwọn méjèèjì sì lè bímọ pọ̀, ẹ̀yà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọn a sì fi orúkọ kẹta dá wọn mọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ìdájọ́ lórí ẹ̀yà kì í dúró lójú kan. Nítorí náà, iyì àkójọ wà nínú àkọsílẹ̀ ibi tí a ti rí ẹyẹ ju nínú iye orúkọ rẹ̀ lọ.

2. Ìtàn orúkọ náà

Ní 1758, Linnaeus fún odídẹrẹ́ ní orúkọ méjì, Psittacus erithacus. Ní 1844, Louis Fraser pe èyí tí ó dúdú jù ú lọ, tí ìrù rẹ̀ kò sì pọ́n fòò, ní Psittacus timneh, gẹ́gẹ́ bí irú ọ̀tọ̀. Ní 1886, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí orúkọ kẹta, àṣà náà sì tàn kálẹ̀. Báyìí ni timneh ṣe di ẹ̀yà lábẹ́ erithacus nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ní 1953, àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, Wilson àti Brown, bẹnu àtẹ́ lu ètò yìí: ààlà tí ẹni tí ó wo àwọ̀ yóò pa lè má bá ti ẹni tí ó wo títóbi mu.

3. Àkójọ ti Nàìjíríà

Ní 1964 ni a dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹyẹ Nàìjíríà sílẹ̀, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń gba àkíyèsí àwọn tí ń wo ẹyẹ nígbà náà. J. H. Elgood, tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó ṣáájú àkójọ tí a tẹ̀ ní 1982. Erithacus, tí ó ni ìkóódẹ, ni odídẹrẹ́ ilẹ̀ yìí; timneh kò kọjá Côte d'Ivoire. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rí timneh ní Nàìjíríà, ó yẹ kí akójọ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹyẹ tí ó sá lọ́wọ́ ẹni tí ń sìn ín ni.

4. Ìkádìí

Níwọ̀n ìgbà tí timneh jẹ́ ẹ̀yà, inú iye odídẹrẹ́ gbogbo ni a ń ka tirẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ erithacus gbòòrò dé Kẹ́ńyà, ó sì rọrùn kí ó bo ìdínkù timneh mọ́lẹ̀. Ní 2012, BirdLife International yà á sọ́tọ̀. Ní 2016, wọ́n ka àwọn méjèèjì sí ẹyẹ tí ó wà nínú ewu àparun. Ohun tí Fraser sọ ní 1844 ni ó padà wá. Akójọ lè ṣi ìdájọ́. Bí ó bá ti kọ ibi, ọjọ́ àti àwọ̀ sílẹ̀, ẹni ẹ̀yìn yóò rí ohun tí yóò fi tún un ṣe. Bí kò bá kọ wọ́n, orúkọ kẹta di orúkọ lásán.