Ẹyọ Ìrántí: Èdè Tí Aṣàjọ Owó Fàdákà Yóò Máa Sọ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ni kò mọ bí owó ṣe ń dún nínú àpò. Báńkì àgbà gbé ẹyọ 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì jáde ní 2007, ọjà kò gbà á, ọ̀rọ̀ nípa ẹyọ sì ń tán lọ lẹ́nu wa. Àwọn ará ìlú Èjìgbò yàtọ̀. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, títí tí ọmọ Èjìgbò, Másífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn fi kún Abidjan. Bí wọ́n bá wálé wá ṣọdún, sẹ́fà, owó Côte d'Ivoire, ni wọ́n ń kó bọ̀, ẹyọ sẹ́fà sì ṣì ń ra nǹkan lọ́hùn-ún, láti orí fráǹkì 5 títí dé 500. Nítorí náà, bí a bá ń wá èdè tí a ó fi sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹyọ fàdákà tí ìjọba ń ṣe fún ìrántí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì mọ ẹyọ ló yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wọn. Ní 1966, Côte d'Ivoire fi fàdákà ṣe ẹyọ fráǹkì 10 kan, orí Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ní apá kan, erin ní apá kejì. Nígbà tí àjọṣe owó àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé ọdún 10 ní 1972, báńkì wọn, BCEAO, ṣe ẹyọ fàdákà fráǹkì 500. Ó pé 20 ní 1982, wọ́n tún ṣe ti fráǹkì 5,000. Dahomey náà ti ṣe tirẹ̀ ní 1971 láti fi ṣèrántí ọdún mẹ́wàá òmìnira. Ní tiwa, èyí tí a rí ná nínú irú rẹ̀, ike àti bébà ni: náírà 50 ti 2010 àti náírà 100 ti 2014.

Kí ni ká pè é? Owó ìrántí ló kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu, mi ò sì fẹ́ ẹ. Ẹ wọ ọjà Èjìgbò kí ẹ ní ẹ ń wá owó ìrántí. Ìyá tó bá dá yín lóhùn yóò bi yín pé ta ló kú, èló ni wọ́n ní kí kálukú dá. Ẹyọ ìrántí sàn jù. Òótọ́ ni pé ẹyọ ni àwọn baba wa ń pe owó inú òkun, èyí tí 20,000 rẹ̀ ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú ìkarawun tipẹ́. Ohun tí a lè mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a lè yí wò, ni ẹyọ.

Ẹni tó ń tọ́jú wọn ńkọ́? Bí a bá pè é ní akówójọ, a ti bà á lórúkọ jẹ́, nítorí pé oníwọ̀ra ni wọn yóò kà á sí, tàbí kí wọ́n rò pé ó ń gba àjọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kó àti ṣà ló yẹ ká mú lò níbí. Ẹni tó ń kó nǹkan kì í wojú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣa nǹkan ń wò ó kó tó mú un. Aṣàjọ ẹyọ ni mo fọwọ́ sí, ìṣàjọ sì ni ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin kò ṣòro, èdè wa ti ní i. Ògidì fàdákà ni èyí tí kò ní nǹkan mìíràn nínú. Èyí tí wọ́n po bàbà mọ́ jẹ́ àdàlù. (Kí ẹni tí ebi ń pa má gbọ́ ọ sí àdàlú ẹlẹ́wà o.) Ẹyọ ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe fún wa láti 1913 jẹ́ àdàlù tí fàdákà kó 925 nínú ìdá 1,000 rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, fàdákà wọ́n gógó, wọ́n sì fi àdàlù mìíràn tó pupa bí idẹ rọ́pò rẹ̀ láti 1920. Orúkọ kò bá irin lọ: títí di ìgbà náírà ní 1973, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ṣì ń jẹ́ ṣílè lẹ́nu àwọn àgbà. Mo sì gbàgbọ́ pé kò yẹ kí aṣàjọ máa pe gbogbo irin funfun ní fàdákà. Ní Èjìgbò, ìlú Òrìṣà Ògìyán, a mọ̀ pé òjé náà funfun, àwọn ọmọ òòṣà ń fi í sọ́wọ́, kò sì sọ ọ́ di fàdákà.

Ibi tí mo ti rò jù ni bí a ṣe ń ṣe ẹyọ. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n rọ owó, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Iná kọ́ ló ń gbé àwòrán sójú ẹyọ. Wọ́n á gé irin ní róbótó, wọ́n á gbé e sáàárín irin líle méjì tí wọ́n ti fín àwòrán sí nínú, wọ́n á sì fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Irin líle yẹn, òǹtẹ̀ gan-an ni. A ti ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ní kóòtù àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kí ló dé tí a ò lè sọ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ẹyọ? Ilé òǹtẹ̀ owó ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́tà H tó wà lára àwọn kan nínú ṣílè 1913 sì jẹ́ àmì ilé òǹtẹ̀: ilé Heaton ní Birmingham ló ṣe wọn, kì í ṣe London. Ojú ẹyọ ni apá tí àmì aláṣẹ wà. Ẹ̀yìn ni èkejì. Etí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí ṣákaṣàka, etí eléyín ni.

Fàdákà kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣú. Imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Ẹ máa kọ́kọ́ rí i tí ó pọ́n bí oyin, kó tó yí sí búlúù àti àwọ̀ àlùkò, kó tó wá dúdú. Aró ọjọ́ ni mo pe àwọ̀ náà, nítorí bí ẹ̀lú ṣe ń mu aṣọ díẹ̀díẹ̀ ni ó ṣe ń mu ojú ẹyọ. Orúkọ náà lè gba ọ̀pọ̀ ẹyọ là lọ́wọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú. Ohun tí a bá pè ní ìdọ̀tí, a ó fọ̀ ọ́; ohun tí a bá pè ní aró, a ó ronú kí á tó fọwọ́ kàn án. Ẹyọ tí wọ́n bá sì ti fi eérú bó lójú, aṣàjọ tó gbọ́n kò ní ná an lówó gidi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pín ẹyọ ìrántí wọn sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1892 pẹ̀lú ààbọ̀ dọ́là tí wọ́n ṣe fún àfihàn ńlá ti Chicago, tí orí Columbus wà lójú rẹ̀, ó sì parí ní 1954. Èkejì kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1982. Bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní ẹyọ àtijọ́, ọmọ ogún ọdún yóò ní ti 1982 náà ti di àtijọ́. Ìran àkọ́kọ́ ni kí á pè é. Inú ìran yìí ni ẹyọ Booker T. Washington ti 1946 wà, iṣẹ́ ọwọ́ Isaac Scott Hathaway, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ya àwòrán owó Amẹ́ríkà.

Ẹyọ Columbus yẹn ni kò jẹ́ kí n gba ẹyọ àìná gẹ́gẹ́ bí orúkọ èyí tí kò tíì gbó. Dọ́là kan ni wọ́n ń tà á níbi àfihàn, bẹ́ẹ̀ ààbọ̀ dọ́là ló wà lójú rẹ̀. Ó ṣẹ́kù nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n yọ́ apá kan, wọ́n tú apá kan sí ọjà, àwọn èèyàn sì fi ra búrẹ́dì. Àwọn mìíràn kò ná tiwọn, àpò sòkòtò ni wọ́n ń fi í sí lójoojúmọ́ títí tí imú Columbus fi parẹ́. Àìná ni, ó sì ti gbó. Ojú-pé ni mo ń sọ báyìí, fún èyí tí gbogbo ìlà òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì yọ kedere.

Ọ̀rọ̀ iye ló kù, mẹ́ta sì ni: iye ojú, iye inú, iye ọjà. Ààbọ̀ dọ́là ni iye ojú ẹyọ Columbus. Gíráàmù 12.5 ni ó wọ̀n, fàdákà kó 900 nínú 1,000 rẹ̀, nítorí náà gíráàmù 11.25 ti fàdákà ni iye inú. Iye ọjà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a. Bí bàbá kan bá ti Abidjan kó ẹyọ fráǹkì 5,000 ti 1982 bọ̀ wá sí Èjìgbò, iye ojú ni alápààrọ̀ sẹ́fà yóò bá a sọ, bí kò bá tilẹ̀ ní òun ò gba irú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò pe iye inú fún un. Kí bàbá náà má ì tíì tà á fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.